Nínú fíìmù Charlie Chaplin, èwo ló ga jù, èwo ni kí bàbá kọ́kọ́ wò?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi láti Àkúrẹ́. Bàbá rẹ̀ ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, etí wọn sì ti ń wúwo débi tí tẹlifíṣàn fi sú wọn. Àmọ́ wọn kò yé sọ̀rọ̀ ọkùnrin kúkurú kan tó wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, tó ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rìn, tí ọkọ̀ sinimá ìjọba máa ń gbé wá sí ìlú wọn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi to fíìmù Charlie Chaplin láti orí èyí tó dára jù dé ìsàlẹ̀. Èwo ni kí èmi, bàbá àti àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ jókòó wò, èwo ni kí a má wulẹ̀ dà láàmú?"

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Etí tó ń wúwo kò ní dí wọn lọ́wọ́ rárá níbí. Láti 1914 tí Chaplin ti bẹ̀rẹ̀ sinimá títí di 1936, ojú la fi ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀nba tí wọ́n ń kọ sójú àwòrán láàárín eré, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín máa kà á sókè, kó máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún bàbá. Kò pọ̀. Ẹ ó rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, bàbá á ti lóye kí ọmọ tó kà á tán.

Bí mo ṣe ń tò wọ́n kọ́ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń tò wọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n. Kì í ṣe iye ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ń wá ni ìran tí ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ti jẹ́ ohun kan náà tó ń ni ọkùnrin yẹn lára. Aláwàdà tó mọṣẹ́ lè pa wá lẹ́rìn-ín níhìn-ín, kó wá pa wá lẹ́kún tó bá ṣe díẹ̀. Chaplin a máa ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìṣesí kan ṣoṣo. Fíìmù tó bá ti ṣe èyí jù ló ga jù lójú mi. Èyí tó bá ya ẹ̀rín sọ́tọ̀ tó ya àánú sọ́tọ̀, ó rẹlẹ̀ sí i, bó ti wù kí ẹ̀rín inú rẹ̀ pọ̀ tó.

Kò kọ́ èyí nílé ìwé. London ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1889. Akọrin lórí ìtàgé ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọtí pa bàbá ní 1901. Ti ìyá, ohùn ló kọ́kọ́ lọ, kí ọpọlọ tó dàrú. Ọmọ ọdún méje ni Charlie nígbà tí òun àti Sydney, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá, bá ara wọn nílé àwọn aláìní ní Lambeth. Ẹni tí ebi ti pa rí ló lè fi ebi ṣe ẹ̀fẹ̀ tí inú ẹni tí ebi ń pa kò ní bàjẹ́ sí i. Nígbà tí àwọn òǹwòran wá rí i nínú ẹ̀wù alárìnkiri, tálákà aláìnílé tó máa ń ṣe nínú fíìmù, ní oṣù Kejì 1914, kóòtù tó fún un pinpin, ṣòkòtò tó gba ẹni méjì, bàtà tó gùn ju ẹsẹ̀ lọ, irunmú bíńtín, wọ́n ti rẹ́rìn-ín kó tó gbé ẹsẹ̀. Àwa tí a mọ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, pẹ̀lú awò ojú fìrìgbọ̀n àti bótáì ńlá, a mọ ohun tí aṣọ lè ṣe fún aláwàdà.

City Lights, ti 1931, ni mo fi ṣíwájú, n kò sì rí èyí tó lè yẹ̀ ẹ́ níbẹ̀.

Sinimá olóhùn ti gba ìgboro láti 1927. Gbogbo Hollywood ti ń sọ̀rọ̀. Chaplin kọ̀, alárìnkiri òun kò ní lahùn. Owó ara rẹ̀ ló fi ṣe fíìmù náà. Orin àti ariwo díẹ̀ nìkan ló fi sí i, òun náà ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin ọ̀hún. Ìtàn rẹ̀ kò le: alárìnkiri kan tí kò nílé tí kò lọ́nà fẹ́ràn ọmọbìnrin afọ́jú tó ń ta òdòdó lójú títì. Ọmọbìnrin náà rò pé olówó ni. Olówó gidi kan tún wà níbẹ̀ tí Charlie yọ nínú omi lálẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ pa ara rẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá ti mutí yó, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òun àti Charlie. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tí ojú rẹ̀ là, kò mọ̀ ọ́n mọ́, á ní kí wọ́n tì í síta. Bàbá yín á mọ irú olówó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìran tí òun àti ọmọbìnrin náà ti kọ́kọ́ pàdé. Báwo ni afọ́jú ṣe máa rò pé olówó ló dúró níwájú òun, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lè lanu sọ̀rọ̀? Chaplin yà á, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un yà. Ìwé Guinness kà á sí ìgbà 342. Ó lé Virginia Cherrill tó ṣe ọmọbìnrin náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó tún ní kó máa bọ̀. Ìlẹ̀kùn mọ́tò ló wá tú kókó náà. Charlie gba inú mọ́tò ńlá kan tó dúró sójú títì kọjá kó lè yà fún ọlọ́pàá, ó ti ìlẹ̀kùn gbàmù, ọmọbìnrin náà sì rò pé ọlọ́kọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀. Ó ra òdòdó kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un lówó ẹyọ. Kí ó tó gba ṣéńjì, ọlọ́kọ̀ gidi dé, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, mọ́tò lọ. Ọmọbìnrin náà rò pé oníbàárà òun ti lọ, ó ti fi ṣéńjì ta òun lọ́rẹ. Charlie dúró síbẹ̀, owó rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn, kò sì lè bèèrè rẹ̀. Ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè máa wò ó. Ọmọbìnrin náà fọ agolo òdòdó rẹ̀, ó sì da omi ibẹ̀ sí i lójú gbàà, kò mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ yín á rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n á dojú bolẹ̀. Ẹ wo ojú bàbá ní àsìkò yẹn.

Ìjà ẹ̀ṣẹ́ inú rẹ̀ ńkọ́? Owó ilé ọmọbìnrin náà ló ń wá tó fi lọ dúró níwájú abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kan tó lè fi ọwọ́ kan gbé e. Ó ń fara pamọ́ sẹ́yìn rẹfirí, ó ń jó bọ́ síhìn-ín jó bọ́ sọ́hùn-ún, mẹ́ta wọn sì ń yí po bí ẹni pé wọ́n ti kọ́ ijó náà tẹ́lẹ̀. Kò sí ibi tó pani lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ, ilé lórí ọmọbìnrin kan ni. Ìran ìparí, n kò ní sọ ọ́ fún yín. Kò gùn, ojú ènìyàn méjì àti ọwọ́ méjì nìkan ló wà níbẹ̀, mo sì ti wò ó tó láti mọ gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ omi ń bọ́ lójú mi.

Ìkejì ni The Gold Rush, 1925. Òmíràn á fi èyí ṣe àkọ́kọ́, n kò ní bá a jà. Àwọn awakùsà góòlù ní Klondike, ní àríwá Kánádà, nínú òtútù yìnyín tó ń pa ènìyàn, ni ìtàn náà dá lé. Ebi ni olórí òṣèré rẹ̀. Ọjọ́ ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà dé, kò sí oúnjẹ nínú ahéré, Charlie bá se bàtà rẹ̀ kan. Ó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti jinná. Ó bu omi ọbẹ̀ lé e. Ó gé e, ó yọ awọ òkè kúrò lára ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alásè ilé oúnjẹ ńlá, ó gbé e fún Big Jim, ẹnìkejì rẹ̀. Ó ká okùn bàtà sára fọ́ọ̀kì bíi sìpàgẹ́tì, ó ń fa ìṣó bàtà mu bí egungun adìyẹ. Àdídùn dúdú tí wọ́n ń pè ní licorice ni wọ́n fi ṣe bàtà náà, ṣùgbọ́n ìṣesí ojú Chaplin ni yóò jẹ́ kí ẹ gbà pé awọ ni. Kò ṣe bí ẹni tí ebi ń pa. Ó ṣe bí ẹni tó mọ oúnjẹ jẹ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọgbọ́n náà wà: iyì rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ebi gbà lọ́wọ́ òun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú Big Jim wá ń ṣe ràn-ìn-ràn-ìn, tó ń rí Charlie bí adìyẹ tó tóbi tó ènìyàn. Fún àwọn ọmọ, èyí nìkan tó owó ìwò. Fún bàbá, mo rò pé alẹ́ ọdún tuntun ni yóò mú wọn: Charlie tẹ́ tábìlì, ó ra ẹ̀bùn kéékèèké, ó ń retí obìnrin tó fẹ́ràn àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọn kò wá. Oorun gbé e lọ lórí àga, nínú àlá ló sì ti fi fọ́ọ̀kì méjì gún búrẹ́dì ródóródó méjì, tó mú wọn jó lórí tábìlì bí ẹsẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín sí ijó náà pé tábìlì tó ṣófo ló ń jó lé. Ohun tó mú un wá sí ipò kejì ni ìparí rẹ̀. Ó di olówó lójijì, gbogbo nǹkan sì tò wẹ́rẹ́ jù fún irú ènìyàn tí ó ti fi hàn wá.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oríṣi méjì ló wà. Ní 1942, Chaplin mú fíìmù yìí jáde padà, ó yọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú àwòrán kúrò, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ ròyìn ìtàn náà ní Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti 1925 ni kí ẹ gbé fún bàbá. Ti 1942 ń sọ ohun tí ojú wa ti rí, kò sì ní wúlò fún ẹni tí kò gbọ́ èdè náà.

Ipò kẹta, The Kid, 1921. Alárìnkiri rí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀, ó gbìyànjú láti gbé e fún ẹlòmíràn, kò rí ẹni gbà á, ó sì di bàbá. Nígbà tí ọmọ pé ọdún márùn-ún, wọ́n ti jọ dá òwò sílẹ̀: ọmọ á sọ òkò fọ́ gíláàsì fèrèsé ilé ènìyàn, bàbá á sì ṣèèṣì máa kọjá lọ pẹ̀lú gíláàsì tuntun lẹ́yìn. Jackie Coogan ni ọmọdé náà, n kò tí ì rí ọmọ tó ṣe eré báyìí láti ìgbà yẹn. Nígbà tí àwọn ìjọba wá gbé e sínú ọkọ̀ láti lọ fi í sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí, tó na ọwọ́ méjèèjì tó ń ké, kì í ṣe ẹkún eré lẹ ó rí. Chaplin mọ ọkọ̀ yẹn láti kékeré rẹ̀. Àkọ́bí tirẹ̀ pàápàá ti kú ní 1919, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta péré láyé, kò sì pẹ́ sí ìgbà náà tó fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí. Àlá ọ̀run tó wà níparí, tí gbogbo ènìyàn di oníyẹ̀ẹ́ funfun, kò bá ìyókù mu, ó ń fa ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọmọdé nílé, òun ni wọ́n máa bẹ̀ yín kí ẹ tún gbé. Ó dùn mí láti sọ pé nígbà tí Coogan dàgbà, ìyá rẹ̀ àti ọkọ ìyá rẹ̀ ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó pa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú kí ìpínlẹ̀ California ṣòfin ní 1939 láti máa bá àwọn ọmọdé òṣèré tọ́jú apá kan owó wọn.

Modern Times, 1936, ni ìkẹrin, mo sì mọ̀ pé inú ẹlòmíràn kò ní dùn sí èyí. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ rẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Charlie dúró nídìí bẹ́líìtì ilé iṣẹ́, sípánà lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń dè nọ́ọ̀tì títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń dè é lọ nígbà tí kò sí nọ́ọ̀tì níwájú rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ kan wá tí yóò máa fún òṣìṣẹ́ lóúnjẹ lẹ́nu kí wọ́n má baà dúró jẹun. Ẹ̀rọ náà dàrú, ó ń gbá a lẹ́nu, ó ń da ọbẹ̀ sí i láyà, a so ó mọ́lẹ̀ kò lè sá. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí kò ní bèèrè ohun tó túmọ̀ sí. Àmọ́ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ yẹn, ó dà bíi pé fíìmù kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n rán pọ̀: ẹ̀wọ̀n, ilé ìtajà ńlá, ilé oúnjẹ. Ìkọ̀ọ̀kan dùn. Ìran bàtà onítáyà létí àjà tí kò ní ìdènà á mú kí bàbá di àga mú. Ṣùgbọ́n City Lights, bí ẹ bá yọ ìran kan kúrò, gbogbo rẹ̀ á wó. Èyí, ẹ lè yọ méjì kó má hàn. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn alárìnkiri, ó sì kọrin tí kò ní ìtumọ̀ ní èdè kankan, nítorí náà bàbá yín àti ará London á gbọ́ ọ bákan náà.

The Circus, 1928, tẹ̀lé e. Wọ́n sábà máa ń gbàgbé rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnìkan gbèjà rẹ̀. Wọ́n gba Charlie sínú ẹgbẹ́ tó ń fi ẹranko àti òkìtì dánilárayá. Nígbà tí wọ́n ní kó pa àwọn lẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Nígbà tí kò gbèrò rẹ̀ rárá ni gbogbo àgọ́ ń wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ó wọ inú àgò kìnnìún, kìnnìún gidi. Ó rìn lórí okùn lókè réré, àwọn ọ̀bọ sì gùn ún lórí. Àsìkò burúkú ló ṣe é: iná jó sítúdíò rẹ̀, ìyàwó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ pàtàkì nítorí fíìmù náà níbi Oscar àkọ́kọ́ ní 1929, síbẹ̀ nínú ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀ ní 1964, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mẹ́nu bà á.

The Great Dictator, 1940, ni ìkẹfà. Fún èmi àti ẹ̀yin, ó ṣe pàtàkì. Fún bàbá, rárá, nítorí ọ̀rọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Chaplin fi ju Hitler lọ, irunmú wọn sì jọra. Ó ṣe apàṣẹwàá náà, ó tún ṣe onígbàjámọ̀ Júù tó jọ ọ́, nígbà tí Amẹ́ríkà kò tí ì wọ ogun. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ká ní òun mọ gbogbo ohun tí àwọn Jámánì ń ṣe fún ènìyàn nínú àgọ́ ìfìyàjẹni wọn, òun kì bá tí lè fi ṣe àwàdà. Ìgboyà rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àmọ́ ìwàásù gígùn tó fi parí rẹ̀, Chaplin fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, onígbàjámọ̀ náà ti lọ. Ẹ ṣáà lè fi ibi méjì han bàbá: ibi tí apàṣẹwàá ti ń pariwo ní èdè Jámánì àdàmọ̀dì, àti ibi tó ti ń fi bọ́ọ̀lù ayé jó nínú ọ́fíìsì rẹ̀ títí tó fi bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn tó kù kò ní gbà wá lákòókò. Limelight, 1952, jẹ́ ti aláwàdà arúgbó tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín sí mọ́, Buster Keaton, aláwàdà ńlá mìíràn láti ìgbà sinimá aláìlóhùn, sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan tó dára ju gbogbo ìyókù lọ. Ọdún yẹn náà ni Amẹ́ríkà tilẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà tó rìnrìn àjò lọ sí London, ó sì lọ fi Switzerland ṣe ilé títí tó fi kú lọ́jọ́ Kérésìmesì 1977. Monsieur Verdoux, 1947, níbi tó ti ṣe ẹni tó ń fẹ́ obìnrin tó sì ń pa wọ́n nítorí owó, mo bọ̀wọ̀ fún un, n kò fẹ́ràn rẹ̀. A King in New York, 1957, ìbínú ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju ẹ̀rín lọ. A Countess from Hong Kong, 1967, ni ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ má wulẹ̀ dà láàmú. A Woman of Paris ti 1923, n kò kà á mọ́ wọn, torí pé ó darí rẹ̀ ni, a kò rí i nínú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Wàyí o, bí mo ṣe tò wọ́n yìí kọ́ ni kí ẹ ṣe wò wọ́n. Ẹ má ṣe fi City Lights bẹ̀rẹ̀. Ìparí rẹ̀ ń béèrè pé kí ẹ ti mọ ọkùnrin náà, kí ẹ ti rí i tó ṣubú tó dìde lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n tó yí kámẹ́rà sí i lójú. Ẹ fi The Immigrant ti 1917 ṣí i. Kò tó ìdajì wákàtí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú irú èyí tí ọkọ̀ sinimá gbé dé ọ̀dọ̀ bàbá. Àwọn àjèjì wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ń mì, àwo ọbẹ̀ ń yọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni kan sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, wọ́n ń bù ú mu bó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n rí ère Òmìnira tó dúró létí omi New York, gbogbo wọn dákẹ́ wò ó. Ojú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n fi okùn dí wọn mọ́lẹ̀ bí ẹran. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tò níwájú ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ìrìnnà rí á mọ̀ pé ọkùnrin yìí rí nǹkan ní 1917.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, The Gold Rush. Lẹ́yìn rẹ̀, The Kid, nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nílé. Kí City Lights wá tẹ̀lé e, ní ọjọ́ tí kò sí àlejò.

Ẹ fara balẹ̀ wá ẹ̀dà tó dára. Nígbà ayé sinimá aláìlóhùn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà, àwòrán tó ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò sì tó 24 tí ẹ̀rọ ń fi hàn lẹ́yìn náà. Ẹ̀dà tí wọn kò tún ṣe dáadáa á mú kí gbogbo ènìyàn máa sáré kébékébé, ìrora á sì di àpárá lásán. Cineteca di Bologna, ilé ìpamọ́ fíìmù kan ní Ítálì, ti tún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣe. Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí bàbá bá ní kí ẹ tún gbé òmíràn lẹ́yìn City Lights, Easy Street ni, 1917 náà ni, ibẹ̀ ni Charlie ti di ọlọ́pàá ní àdúgbò tí ọlọ́pàá kì í ti pẹ́.